Ohùn Oko ní Ibùdó Ìlera

Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì kan lé Ajíbádé jáde ní ibùdó ìlera kan lápá Ìrè-Èkìtì, níwájú gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Oko ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ rẹ̀ Ìyìnolúwa, tí ibà ń bá fínra, wà léjìká rẹ̀.

"Ará oko! Jáde, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀!"

Ọ̀kadà ló gbé bàbá àti ọmọ dé ilé ìwòsàn ní Ìdó. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ara ọmọ yá. Ṣùgbọ́n Ajíbádé búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ibùdó náà mọ́. Bí wọ́n bá dárúkọ ibẹ̀, á tutọ́.

Lọ́dún yìí, ọkọ́ gé e lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń kọ ebè. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ẹsẹ̀ ti wú, bàtà kò gbà á mọ́.

"Bàbá Ìyìn, ẹ jẹ́ ká lọ," Wùnmí, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀ ẹ́.

"Mi ò kúrò ní ulé yìí. Ṣé kí n tún lọ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni?"

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n máa wò, wọn ò ní wo ẹnu yín!"

"Ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò níbẹ̀."

Wùnmí wé gèlè rẹ̀. Ó lọ sí ibùdó náà fúnra rẹ̀, ó sì mú nọ́ọ̀sì kan bọ̀. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó kúnlẹ̀ kí Ajíbádé, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó wú. Ajíbádé mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọmọ́bọ́lá ni, ẹni tó lé e jáde lọ́jọ́sí. Irun rẹ̀ ti ń funfun.

"Ìwọ nìyí!" Igbe náà lé adìẹ kúrò lágbàlá.

Ọmọ́bọ́lá kò gbé ohùn sókè. "Èmi ni, bàbá. Ẹ kú ìrora. Ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀?"

Ó fetí sílẹ̀ títí Ajíbádé fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kò tíì pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bó bá fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ yìí lè lọ. Ó yẹ ká fọ egbò náà ní ibùdó, kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ lónìí."

"Níwájú àwọn ará bẹ́ǹṣì lo ti bú mi. Níwájú wọn náà ni màá ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn, bàbá."

Nígbà tí wọ́n dé ibùdó, bẹ́ǹṣì kún fọ́fọ́. Ọmọ́bọ́lá fọ egbò, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó ní ẹsẹ̀ yóò yè. Wùnmí mí kanlẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà wá kọjú sí gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin ará, mo bú bàbá yìí níbí lọ́dún méjìlá sẹ́yìn. Mo rò pé ìjà ni wọ́n bá wá. Mi ò mọ̀ pé ohùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pe ara wọn láti oko dé oko ni. Mi ò tilẹ̀ béèrè ohun tó ń ṣe ọmọ. Mo ṣẹ̀ wọ́n. Èébú yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kí aláìsàn, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó fèsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé aláìsàn wá, ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé, kí ọ̀rọ̀ yín lè tètè yé wa. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bú yín, ẹ fẹjọ́ sun ọ̀gá ibùdó. Ẹ má torí èébú jókòó ti àìsàn sílé."

Ajíbádé wolẹ̀. Ọdún méjìlá ló ti ń sọ ìtàn yìí káàkiri ìlú, síbẹ̀ apá kan wà tí kò sọ rí, kódà fún Wùnmí. Ó fẹ́ rọra sọ ọ́ sí nọ́ọ̀sì létí, ṣùgbọ́n ohùn oko ni Ọlọ́run fún un. Àwọn tó wà lójú títì gan-an gbọ́:

"Èmi ni mo kọ́kọ́ gbá tábìlì, tí mo pè ọ́ ní olóṣì!"