Àwọn Tí Mo Kọ Mọ́ Ilé

"Èèyàn mélòó ló ń gbé ilé yín, bàbá?"

Bàbá Káfíńtà kò gbójú sókè. Wọ́n fi ayùn gé pákó ọwọ́ wọn tán kí wọ́n tó dáhùn.

"Mẹ́rin ni. Èmi àtàwọn ọmọ mi mẹ́ta."

Mo yọjú wo yàrá ẹ̀yìn. Ibùsùn mẹ́ta tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn wà níbẹ̀, eruku ti bò wọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ náà ti wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá.

"Ṣé wọ́n ti dé ni?"

"Wọ́n ń bọ̀. Ṣáà kọ wọ́n síbẹ̀, ọmọ mi."

Olùkọ́ jọ́gíráfì wa ti là á yé wa pé ọ̀nà méjì ni iye èèyàn ìlú ń gbà pọ̀ sí i: kí a bímọ, tàbí kí àlejò wá tẹ̀dó. Ọ̀nà méjì ló sì ń gbà dín kù: ikú àti ìṣílọ. Ó ní kí kálukú lọ ka àwọn tó ń gbé òpópó rẹ̀.

"Ẹ má fi ṣeré o. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn fẹ́ lò ó. Àgbàlagbà tó bá ń dá gbé, yóò máa yà wò ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Òpópó ọ̀rẹ́ mi wà nítòsí ibùdókọ̀, níbi tí ìdílé méjì ti ń pín yàrá kan. Igba èèyàn ó lé ló kà. Tiwa, ilé mẹ́rìnlá, èèyàn mọ́kànlá. Àgádágodo pọ̀ ju èèyàn lọ. Ọ̀rẹ́ mi wo ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀yin àti alángbá lẹ jọ ń gbé ibẹ̀ ni?"

Ojú tì mí. Nígbà tí mo délé, mo kọ àwọn ọmọ Bàbá Káfíńtà àti ti àwọn àgbàlagbà yòókù tó ń dá gbé sílẹ̀, mo kọ àwọn tó ti tilẹ̀kùn lọ. Ilé wa ló kàn, níbi tó ku èmi àti ìyá àgbà mi. Mo kọ ìyá mi náà, tó ti ń ránṣọ lókè òkun láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Mo tẹjú mọ́ orúkọ yẹn. Fúngbà díẹ̀, ilé náà kò pa rọ́rọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, mo fún olùkọ́ ní ìwé náà kí ó fún nọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta kọjá, nọ́ọ̀sì kò ya òpópó wa. Ní ọjọ́ kejì Ìṣẹ́gun kẹta, ìyá àgbà ní àwọn kò gbọ́ ìró òòlù láti ọjọ́ Ajé. A kanlẹ̀kùn títí. Nígbà tí a já a, Bàbá Káfíńtà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, itan wọn ti ṣẹ́, ètè wọn gbẹ.

"Ìwé ọwọ́ mi ní ọmọ mẹ́ta wà lọ́dọ̀ wọn," ni nọ́ọ̀sì tí a ránṣẹ́ pè ń tún sọ. "Àná ni ǹ bá ti rí wọn."

Mo lè dákẹ́. Bàbá fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo sún mọ́ nọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo kọ ọ́. Mo mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan nínú wọn nílé."

Kò bú mi. Ó na ìwé náà sí mi. "Tún un kà."

Ìyá àgbà kàn mirí. "Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."

Mo lọ wo Bàbá lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ nìkan," ni wọ́n wí. "Ó ṣòro fún mi láti fẹnu ara mi sọ pé ó ku èmi nìkan."

Wọn kò kú, àmọ́ wọn kò lè dúró nídìí iṣẹ́ mọ́. Àkọ́bí wọn wá mú wọn lọ sí yàrá kan ní ìlú ńlá, níbi tí àwọn méje ń gbé. Òpópó wa ku mẹ́wàá.

Mo tún ìwé náà kọ. Mo fa ìlà gba orí orúkọ ìyá mi, mo sì sunkún. Nọ́ọ̀sì ti ń yà báyìí, nítorí àgbàlagbà mẹ́rin ló ń dá gbé lọ́dọ̀ wa. Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó lọ kò ní padà torí pé a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Irọ́ tí a fi kún ilé òfìfo ló ń bo ẹni tó ṣẹ́ kù mọ́lẹ̀, tí ojú ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ kò fi ní tó o.