Rọ́bà tí Mẹkáníìkì Kò Pààrọ̀

Mẹkáníìkì kan rí ibi tí omi ń gbà wọ ọkọ̀ aránṣọ kan, kò sì dí i, nítorí ó fẹ́ kí obìnrin náà tún padà wá.

Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ rí i, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Obìnrin náà ti bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fi ife gbọ́n omi kúrò nílẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ máa ń gbé ẹsẹ̀ sí. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà láyà ẹ̀wù rẹ̀ tí ó gbàgbé láti yọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," mẹkáníìkì ní. "Ṣé ẹja lẹ fẹ́ máa sìn níbẹ̀ ni?"

"Ẹ wá wò ó ná, kí ẹ tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ki orí sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí obìnrin náà máa da omi sí ẹsẹ̀ gíláàsì iwájú díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí omi ń gbà wọlé nìyẹn: ẹnì kan á máa dà á, ẹnì kan á máa ṣọ́ ọ.

"Ẹ dà á sápá ọ̀tún. Ẹ rọra."

"Mo ń rọra. Aránṣọ ni mí, n kì í ṣe panápaná."

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà, ó fi orí gbá irin.

Ewé ló dí ihò tí omi òjò ń gbà ṣàn lọ lábẹ́ wáìpà. Ó kó o kúrò. Lẹ́yìn náà ni ó rí èkejì: rọ́bà tó yí ẹnu fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀ ká ti ya, ibi tó ya kò gùn ju ìka lọ. Irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ wà lórí pẹpẹ rẹ̀. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni.

Ó pa tọ́ọ̀ṣì. "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó títí di Sátidé," ó ní.

Sátidé márùn-ún ni obìnrin náà fi wá. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, "ẹ" ti di "o".

"Abẹ́rẹ́, o ti dé."

"Omi ló mú mi wá, kì í ṣe ìwọ."

"Ó dáa. Máa purọ́."

Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ ńlá kankan fún ara wọn. Obìnrin náà bá a rán apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ya. Ọkùnrin náà ra ife tíì kejì sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá aránṣọ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì náà. Akólẹ́tà ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ogójì ọdún ni ó fi ẹsẹ̀ wá oúnjẹ. Àtọ̀gbẹ ti mú un báyìí, egbò sì wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ní gbogbo Ọjọ́rú, ọmọ rẹ̀ á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè fọ egbò náà.

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lórí omi ife kan," bàbá ní. "Ọkùnrin tí kò lè rí ihò, kí ló fẹ́ rí nínú ilé?"

"Ó ń gbìyànjú, Bàbá."

Aránṣọ máa ń fi àkísà nu ilẹ̀ ọkọ̀ kí bàbá tó wọ inú rẹ̀. Ojú kápẹ́ẹ̀tì á gbẹ, fóòmù abẹ́ rẹ̀ á ṣì mu omi. Ilé ìwòsàn á di báńdéèjì tuntun; bí bàbá bá ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lábọ̀, omi á yọ sókè wọ inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti kú tipẹ́. Bàbá kò mọ̀ pé ó tutù.

Ní Sátidé kẹfà, aránṣọ kò wá. Mẹkáníìkì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, ó bá a ní títì.

"Bàbá rẹ̀ ni," obìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sọ fún un. "Egbò ẹsẹ̀ ti jẹrà. Wọ́n ní omi inú ọkọ̀ ló fà á."

Mẹkáníìkì nìkan ló mọ̀ nípa rọ́bà náà. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, ó dúró níwájú bàbá àti ọmọ.

"Bàbá, mo ti mọ ibi tí omi ń gbà wọlé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò dí i. Mo fẹ́ kí ọmọ yín máa wá sọ́dọ̀ mi ni. Òun nìkan ló máa ń dá wá, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń jókòó síbẹ̀."

Aránṣọ dìde, ó jáde, kò wẹ̀yìn.

"Ṣé o ò bi í ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ ni?" bàbá ní.

"Mi ò bi í, sà."

"Ṣé ẹnì kan ló ní kó o wá sọ ọ́?"

"Rárá, sà."

Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìyẹn nìkan ni mo rí tó dáa lára rẹ."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Oṣù mẹ́rin ni mẹkáníìkì fi ń pọn bàbá gun àtẹ̀gùn ilé wọn, aránṣọ á ṣí ilẹ̀kùn, kò ní sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó sọ̀rọ̀.

"Bàbá ní kí n fẹ́ ọ."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn."

Wọ́n fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó, bàbá jókòó tì wọ́n lórí kẹ̀kẹ́ arọ, bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀.

Aránṣọ ń tọ́jú ọkọ rẹ̀, ó sì ń bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ jáde, tí ọkọ bá ní òun ti pa gáàsì, á ní, "Ó dáa," á sì padà wọ ilé ìdáná lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ọkọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí á fi jáde.