Ìbéèrè Inú Àpò Ìwé

Ọ̀fíntótó ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, wọn ò sì parọ́ mọ́ mi. Èmi ni mo máa ń jókòó ti rédíò tí a fi ń bá àwọn tó ń kó oògùn lọ síbi ogun sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni awakọ̀ tuntun kan ti wá kọ́kọ́ jókòó, tó ń fi bíírò họrí.

"Kí ni kí n kọ síbí?"

"Ìbéèrè kan àti ìdáhùn ẹ̀, èyí tí ìwọ nìkan mọ̀. Bí wọ́n bá jí ẹ gbé, òun la máa bi wọ́n, ká lè mọ̀ pé o ṣì wà láàyè."

Ó wò mí títí, ó kọ ọ́, ó fi í sínú àpò ìwé, ó lẹ ẹnu ẹ̀ pọ̀. "Má tú u o."

Ṣé irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣeé sọ fún irú mi? Wákàtí-wákàtí ni mo ń pè é lójú ọ̀nà láti mọ ibi tó dé, n ó sì tún bi í pé kí ló kọ.

"Fẹ́ mi, wàá mọ̀."

Kí n má purọ́, mo ti nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn. Ìyá mi ló kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹni tó ń wakọ̀ kọjá níwájú ìbọn? Mi ò bí ẹ kí o wá dopó."

Ni mo bá ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo pè é, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan pè wá lórí fóònù pé awakọ̀ wa wà lọ́wọ́ àwọn. Ọ̀gá ní kí n tú àpò ìwé náà. Ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún látọjọ́ yìí, mi ò fẹ́ tú u mọ́. Mo tú u.

"Kí ni Ọ̀fíntótó máa ń ṣe kó tó pè mí nínú rédíò?"

Mo kà á sétí ọkùnrin náà. Ó lọ bi í, ó padà dé. "Ó ní ó máa ń mí kanlẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló wà nínú ìwé. Èmi alára ò mọ̀ pé mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bú sẹ́kún níwájú ọ̀gá.

Àwọn àgbà ìlú tí wọ́n ti jí i gbé bẹ àwọn ajínigbé náà títí, ó di ọjọ́ kọkànlá kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ó ti rù kan egungun nígbà tó wá kí ìyá mi, ẹni tí mo ti ròyìn gbogbo ẹ̀ fún.

"Ìwọ lo ń gbọ́ èémí ọmọ mi láti ọ̀nà jíjìn yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Gbogbo ayé ti mọ ìbéèrè yẹn báyìí. Ẹ mú ìwé mìíràn wá."

Ìyá mi fà á mọ́ra, ó sọ nǹkan kan sí i létí. Awakọ̀ mi rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́, ó fi í sínú àpò ìwé tuntun, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Ìyá mi ní ká lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

A ti ṣe é tán, ó sì tún ti padà sójú ọ̀nà. Àpò ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, àwọn méjèèjì ò sì sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe mí bíi kí n tú u. Mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí n má mọ̀ ọ́n láéláé.