Ohun Tí Dókítà Ẹ̀yìn Kò Mọ̀

Láti orí èjìká aláboyún kan ni Dókítà Ẹ̀yìn ti kọ́kọ́ rí ojú ọkùnrin náà. Obìnrin tó ń rọbí jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó kákò síwájú, ó gbé orí lé àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà sì di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú kó lè dúró jẹ́ẹ́. Dókítà wà lẹ́yìn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn lọ́wọ́. Ó gbójú sókè láti sọ pé, "Ẹ má jẹ́ kó yí o," ni ojú wọn bá ṣe mẹ́rin. Ọkùnrin náà ń sunkún. Kò pariwo, kò sì nu ojú, torí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Gbogbo wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ló ń pe obìnrin yìí ní Dókítà Ẹ̀yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gún àwọn tó ń rọbí lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, kí oògùn tó ń pa ìrora lè máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ á fi dé. Ó mọ ẹ̀yìn èèyàn ju ojú èèyàn lọ. Bó bá pàdé ẹni tó gún rí lójú pópó, kì í dá a mọ̀ àfi tónítọ̀hún bá kọjá tán. Ó tún ń ṣe ìwádìí kan. Gbogbo ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ náà, á máa wá wọn lẹ́yìn ìbí títí ọdún á fi yípo, á máa bi wọ́n bóyá orí ń fọ́ wọn tí wọ́n bá jókòó, bóyá ẹ̀yìn ń ro wọ́n, bóyá ẹsẹ̀ kan kú tipiri. Ohun tí abẹ́rẹ́ lè bà jẹ́ ló ń wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé òun nìkan ni ọlọ́jà tó ń wá àbùkù ọjà ara rẹ̀ kiri.

Ọkùnrin yẹn ní tirẹ̀, aránbàtà ni. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí omi, ìyá wọn kì í sì í lè wo ẹ̀jẹ̀, ló fi di pé òun ló kàn. Nígbà tí ọmọ dé lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́ gan-an, ó bá dókítà lẹ́nu ọ̀nà, ó dúpẹ́ dúpẹ́.

"Ẹ̀yìn yín ti ń tẹ̀," ni dókítà fi dá a lóhùn.

"Bàtà ni mò ń rán, Dókítà, èmi kì í ṣe sójà."

"Ẹ ṣáà máa nàró."

"Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá ti lè máa wò ó, màá máa nàró."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu dókítà kó tó mọ̀. Ọjọ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn nínú ilé ìwòsàn yẹn, òun gan-an ò rántí.

Àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò tíì tán lẹ́nu tí ẹkún fi dé. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọmọ tuntun fẹsẹ̀ lélẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀, kò gbé. Iwájú rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Dókítà mú òwú, ó fi ń kan ẹsẹ̀ náà láti orúnkún wá sísàlẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

"Rárá, Ma."

"Ibí yìí ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ti fọwọ́ kàn án ni?"

Wọ́n fi iná mànàmáná kékeré dán àwọn iṣan ẹsẹ̀ náà wò, èsì rẹ̀ ò fì síbì kan. Ọ̀gá rẹ̀ bọ́ awò ojú, ó ní, "Orí ọmọ lè ti tẹ iṣan mọ́ egungun nígbà tí ìrọbí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

Torí ẹsẹ̀ yẹn ni dókítà ṣe ń lọ sílé wọn lemọ́lemọ́, torí ẹsẹ̀ yẹn náà ló ṣe ń yà ní ṣọ́ọ̀bù aránbàtà. Bàtà ọ̀tún àbúrò rẹ̀ kì í pẹ́ jẹ níwájú, òun ló ń tún un ṣe, á lẹ awọ tuntun mọ́ ọn, kò tún ní pẹ́ jẹ. Dókítà á jókòó sórí àpótí, á máa wò ó. Ìfẹ́ ò kúkú bèèrè bóyá àsìkò dáa kó tó wọlé. Lọ́jọ́ kan, láìgbójú kúrò lórí awọ, ọkùnrin náà ní, "Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi, èmi ẹlẹ́yìn títẹ̀?" Dókítà ní, "Ẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ jù."

Ìyá aránbàtà ló kù tí kò tíì gbà. Mọ́mì kì í ṣe ìkà èèyàn. Ohun kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́: kí ọmọbìnrin yẹn wá bá òun, kó sọ fún òun pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ló ba ẹsẹ̀ ọmọ òun jẹ́. Tó bá ti sọ ọ́, òun ti gbà.

"Gbólóhùn kan péré," ni aránbàtà ń bẹ̀ ẹ́. "Ṣé o mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ẹ ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Ó tán nìyẹn. Sọ pé kì í ṣe òun."

"Mi ò mọ ìyẹn náà, ọkàn mi."

Wọ́n lọ. Yàrá àlejò Mọ́mì mọ́ tónítóní, àga méjì kọjú síra. Mọ́mì bi í, "Ọmọ mi, ṣé abẹ́rẹ́ ẹ ni?" Ohùn rẹ̀ tutù, o fẹ́ẹ̀ lè ní ó ń bẹ̀ ẹ́ ni. Dókítà wo ojú ọkùnrin tó fẹ́ràn. Rárá yẹn ti dé ètè rẹ̀. Ta ló máa já irọ́ náà? Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?

"Ẹ má bínú, Ma," ló sọ. "Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ òun."

Mọ́mì dìde lórí àga. Ó wá ní, "Jọ̀ọ́, máa lọ."

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Lẹ́nu géètì, aránbàtà ò wo ojú rẹ̀. "O ò tiẹ̀ lè purọ́ kan ṣoṣo torí mi," ló wí, ó sì padà sínú ilé.

Dókítà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó fọ̀ ọ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí aláboyún bá bi í bóyá abẹ́rẹ́ náà ò léwu, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ fún wọn. Àwọn kan á gbà, àwọn kan á kọ̀. Oṣù ń gorí oṣù. Kò sí ọ̀rọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù.

Ó ṣì ń pe àbúrò aránbàtà lórí fóònù ṣá, torí ìwádìí.

"Báwo lẹsẹ̀?"

"Ó wà bó ṣe wà, Ma. Ọmọ mi ti ń rìn jù mí lọ."

Nígbà tí ọdún yípo, tí ìbéèrè parí, àbúrò ò gbé fóònù sílẹ̀. "Dókítà, ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Dókítà sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, kò fi kan pamọ́.

Àṣé gbogbo ìjà yẹn, kò sẹ́ni tó bi ẹni tó lẹsẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni àbúrò pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílé rẹ̀. Ó dúró láàárín wọn, ó di ẹ̀yìn àga mú.

"Màámi, ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ẹsẹ̀ ẹ ni, ọmọ mi."

"Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ Dókítà ni, mo ti dárí jì wọ́n. Tí kì í bá ṣe òun, mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ dárí jì. Gbogbo yín lẹ ń sọ fún mi pé á san, pé á san. Dókítà nìkan ni kò purọ́ fún mi rí." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ lẹ fẹ́ fi gbéyàwó?"

Aránbàtà bo ojú rẹ̀. Nígbà tó yọwọ́, ẹkún ló ń sun. "Má bínú sí mi," ló wí fún dókítà. "Mo ti bá ọ wí nítorí ohun tó yẹ kí n torí ẹ̀ fẹ́ ọ."

"Ó dùn mí gan-an," ni dókítà wí. Ó sì na ọwọ́ sí i.

Mọ́mì ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó wá síbi ìgbéyàwó ṣá. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ṣe é wà, èèyàn ò pọ̀, ọkọ fọwọ́ síwèé, ìyàwó fọwọ́ síwèé. Bí wọ́n ṣe ń jáde, Mọ́mì fa ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò tíì gbàgbé o."

"Ẹ má gbàgbé, Ma. Èmi náà ò gbàgbé."

Mọ́mì yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dúró lókè àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àtẹ̀gùn yìí ga jù fún un. Lọ di apá ọ̀tún ẹ̀ mú."

Dókítà Ẹ̀yìn ká aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ sókè, ó di apá ọ̀tún mú, Mọ́mì di tòsì. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ràn yẹn ń gbá etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan kó tó balẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kánjú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.