Ìmọ́lẹ̀ Tí Shamsudeen Fẹ́ Dá Dúró

"Ẹ jókòó dáadáa," ni Shamsudeen wí, bẹ́ẹ̀ ẹni méjì péré ló wà ní pálọ̀: Dámisí ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti Asiyah àbúrò rẹ̀ tó gbé agolo mílíìkì dání. "Ohun tí wọn ò rí rí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ fẹ́ rí. Mo fẹ́ dá ìmọ́lẹ̀ dúró."

Ó ti wọ kóòtù fún un. Kóòtù bàbá rẹ̀ ni, apá rẹ̀ gùn dé orí ìka, ṣùgbọ́n Shamsudeen kò tíì rí ọ̀mọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ láìwọ kóòtù.

Kíláàsì lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, tíṣà físíìsì wọn, ló yàn án láti lọ ṣojú ilé ìwé níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ tó fún un kò le. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti inú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú omi, eré rẹ̀ á dín kù, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni yóò kù. Bó bá sì ti jáde, á gba eré rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ṣíbí tó wà nínú ife omi fi ń dà bí èyí tó ṣẹ́.

"Ife omi, ṣíbí, àti àlàyé tó yéni," ni tíṣà wí. "Ó ti tó."

Kò tó Dámisí. "Prof, ṣíbí lo fẹ́ gbé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́? Wọn á ní oúnjẹ lo wá jẹ."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Prof Ṣíbí. Ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ́ gbogbo ilé ìwé láti máa pe òun ní Prof, ṣíbí tí wọ́n fi kún un dùn ún wọ egungun. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Sábó, ó ra tọ́ọ̀ṣì léésà aláwọ̀ ewé kan tó lágbára. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin rí i, ó ka ìkìlọ̀ ara rẹ̀ sí i létí: kò gbọdọ̀ wọ ojú ènìyàn, ì báà jẹ́ tààrà, ì báà jẹ́ láti ara jígí.

"Má lo eléyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Shamsudeen wí, ó sì tì í bọ àpò.

Lọ́sàn-án tí à ń wí yìí, òjò ṣú, pálọ̀ sì ṣókùnkùn bó ṣe fẹ́. Ìyá àgbà ti da aṣọ bo jígí ńlá ara ògiri nítorí mànàmáná, bí gbogbo ilé àdúgbò ṣe máa ń ṣe. Shamsudeen fa aṣọ náà bọ́ sílẹ̀.

"Ìyá àgbà á bínú," ni Asiyah wí.

"Ìyá àgbà ò ka físíìsì. Jígí yìí ló máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú omi. Á máa lọ, á máa bọ̀, títí á fi rẹ̀ ẹ́."

Tíṣà kò kọ́ ọ pé ó máa ń rẹ ìmọ́lẹ̀. Asiyah kán mílíìkì sínú àpótí gíláàsì tó kún fún omi kí ìmọ́lẹ̀ lè hàn nínú rẹ̀, Shamsudeen tan léésà, okùn aláwọ̀ ewé kan sì na tàntàn gba inú omi kọjá.

"Ó dára," ni Dámisí wí. "Ibo ló ti wá dúró?"

Shamsudeen yí léésà sí ọ̀kánkán jígí. "Asiyah, bọ́ sí ọ̀hún. Tẹjú mọ́ jígí, kí o sọ fún Dámisí bó ṣe ń rọra bọ̀."

Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, Asiyah nìkan ló gbà á gbọ́. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Bọ̀dá mi, ó ń gún mi lójú."

"Di èyí, fi ojú kejì wò ó."

Ó fi ojú kejì wò ó.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní nǹkan dúdú kan ń bá ojú òun rìn. Shamsudeen sọ fún Ràmọ́tà ìyá wọn pé àpólò ni, ó sì ń kán oògùn sí i lójú lójoojúmọ́ bí ẹni pé òun ni dókítà. Asiyah ń múra wòlímọ̀ lọ́wọ́, ayẹyẹ tí yóò ti ka Àlùkùránì lójú gbogbo ènìyàn. Ààfáà ilé kéwú ló kíyè sí i pé ọmọ tó ń kà geere tẹ́lẹ̀ ti ń fọwọ́ wá ọ̀rọ̀ kiri lójú ìwé.

"Lẹ́tà tí mo bá tẹjú mọ́ kì í sí níbẹ̀," ni Asiyah wí. "Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo ń rí."

Ọjọ́ ìdíje gan-an ni ìyá wọn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Shamsudeen tẹ̀ lé wọn, kóòtù tó yẹ kó wọ̀ lọ síbi ìdíje lọ́rùn rẹ̀.

Dókítà yẹ ojú náà wò pẹ́. "Màmá, ẹ̀yìn ojú ló jó, ibi tí a fi ń kàwé gan-an. Méjèèjì ni. Kí ló tẹjú mọ́?"

Ìyá wọn kò mọ̀. Shamsudeen gbé tọ́ọ̀ṣì náà lé orí tábìlì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ojú kejì.

"Ṣé á padà bọ̀ sípò?" ni Ràmọ́tà bi í.

Dókítà mi orí. Ràmọ́tà kò pariwo, kò sì wo ọmọkùnrin rẹ̀. Ó tún gèlè Asiyah ṣe, ó sì ń tún un ṣe nìṣó nígbà tí kò sí ohun tó kù láti tún ṣe mọ́.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà sí Ọ̀yọ́, Asiyah fa apá kóòtù náà. "Bọ̀dá mi, ṣé ìmọ́lẹ̀ yẹn rọra ṣá?"

Shamsudeen mọ ìdáhùn rẹ̀. Omi ló kún inú ẹyinjú, eré ìmọ́lẹ̀ sì ń dín kù níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dín kù nínú ife. Ó rọra, kó tó jó o.

"Ó rọra," ló wí.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ṣíbí inú omi ì bá ti tó. Ìmọ̀ tí a bá ń lò kí wọ́n lè yìn wá kì í rí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Nígbà tí wòlímọ̀ dé, Asiyah dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ka tirẹ̀ láti orí. Àwọn ènìyàn ní ohùn rẹ̀ dùn, wọ́n ní ó gbọ́n débi pé kò tilẹ̀ wo ìwé.