Oògùn Pẹlẹbẹ Tó Dùn Jù

"Ó tún ti di iyanrìn!" Àǹtí gbé àwo gíláàsì sókè síbi iná, ó fajú ro.

Oògùn ibà ni wọ́n fẹ́ sọ di pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ọmọdé tí kò lè gbé hóró oògùn mì lè gbé e lé ahọ́n, kó yọ́ síbẹ̀ láìlo omi. Pẹlẹbẹ ń yọ́ o; oògùn inú rẹ̀ ló kọ̀ tí kò yọ́. Ó kàn jókòó sísàlẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ relé.

"Àǹtí, Ọ̀gá ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí o!" Kíámọ́sá ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí, tó wá fi ìsinmi iléèwé kọ́ṣẹ́ ní ilé ìṣoògùn tí Ọ̀gá dá sílẹ̀, níbi tí Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́.

"Mo mọ̀. Bí wọn ò bá rí nǹkan gidi, wọ́n ní àwọn á fòpin sí iṣẹ́ yìí. Da òmíràn kó o sì jẹ́ kó gbẹ. Mo ń lọ tún yàrá àlejò ṣe."

Bí Àǹtí ṣe jáde, èrò kan sọ sí Kíámọ́sá lọ́kàn. Ṣebí oògùn ló ń ba nǹkan jẹ́? Ó yọ oògùn kúrò! Ó po gọ́ọ̀mù jíjẹ tí wọ́n fi ń ṣe pẹlẹbẹ náà àti ṣúgà, ó bò ó títí ìfófòó fi rọlẹ̀, ó rọra dà á sórí gíláàsì. Nígbà tó gbẹ, ó mọ́ gaara.

Ọ̀gá dé, tòun ti ikùn ńlá àti ohùn ńlá. Ó gbé pẹlẹbẹ lé ahọ́n, ó dijú.

"Ó ti yọ́! Ó tún dùn! Ẹ fún mi sí i!"

Àǹtí, tó ti ń jó, dúró gbagidi, ẹsẹ̀ kan lókè. "Dùn kẹ̀, sà? Oògùn yìí korò bí òróòro!"

Gbogbo ojú yí sí Kíámọ́sá. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, mi ò fi oògùn sí i. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á dá iṣẹ́ yín dúró."

"O wá fẹ́ kí ọmọ tí ibà ń ṣe máa lá ṣúgà?" Àǹtí bi í jẹ́jẹ́. Ìyẹn dùn ún ju ìgbájú lọ.

Ọ̀gá na ìka sí ilẹ̀kùn. Kíámọ́sá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ iṣẹ́, omijé lójú.

"Ibo lò ń lọ? Ilẹ̀kùn ni mo ní kó o tì, ariwo pọ̀ níta! Báwo lo ṣe dà á tí kò fi ní ìfófòó?"

Ó ṣàlàyé. Àǹtí fọwọ́ lu tábìlì. "Bá a bá kọ́kọ́ fi sìpíríìtì tó ṣeé mu yọ́ oògùn náà, ká pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù kí gọ́ọ̀mù dì í mú, ká wá dà á bíi tìẹ…"

Wọ́n jọ ṣe é. Kò sí iyanrìn kankan. Ọ̀gá tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì súnkì bí aṣọ tí wọ́n fún.

"Ó korò!" ó ké. Àǹtí àti Kíámọ́sá dì mọ́ra wọn, wọ́n ń fò sókè. "Ẹ máa báṣẹ́ lọ," Ọ̀gá ní, bó ṣe ń wá omi kiri. "Ṣùgbọ́n ẹ wá nǹkan ṣe sí kíkorò yìí!"

Kíámọ́sá ló fọ gbogbo àwo gíláàsì títí ìsinmi fi parí, ṣùgbọ́n ó ń kọrin sí i. Ó ti mọ̀ pé kì í ṣe ìtìjú bí iṣẹ́ ò bá tíì yọrí. Irọ́ tá a fi bò ó ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè bá wa tún un ṣe. Sọ òtítọ́ kí wọ́n tó bi ọ́, kódà bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́.