Gbólóhùn Kan Nítorí Bàálù Àtijọ́

Iná wẹ́dà ti jẹ etí apá òsì bàálù àtijọ́ tó wà ní báráàkì já kí Bàbá Sípánà tó rá wọ abẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó jókòó.

"Bàbá, ẹ dìde," ni wẹ́dà wí.

"Mo ti jókòó ná."

"Iná ń bẹ lọ́wọ́ mi o."

"Mo rí i. Ogún ọdún ni mo fi tọ́jú ẹ́ńjìnnì bàálù yìí. Iná ò ṣàjèjì sí mi."

Wẹ́dà pa iná. Ó yíjú sí sájẹ́ǹtì tó mú un wá. "Ọ̀gá, iṣẹ́ irin lẹ gbé fún mi. Ẹ ò sọ pé bàbá àgbàlagbà wà lára rẹ̀."

Àwọn aládùúgbò tó dúró lẹ́yìn wáyà báráàkì bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó bàbá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó na ìka sí sájẹ́ǹtì.

"Ọ̀dájú! Olóríkunkun! Kí ni bàálù tó ti darúgbó ṣe fún ẹ?"

"Ìyá, èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Wọ́n ní bàálù ológun tó bá ti fẹ̀yìn tì, ká gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo wá jẹ́." Ó wo bàbá. Ó wo aago. "Ó dáa. Gáàsì ti tán lónìí. Ẹ gbọ́, àbí? Gáàsì ti tán. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní."

Gáàsì kò tán. Gbogbo wọn ló mọ̀.

Bàálù náà ti pẹ́ ládùúgbò. Lọ́dún tí odò kún bo ilé mọ́lẹ̀, òun ló kó àwọn èèyàn kúrò. Obìnrin kan bímọ sínú rẹ̀ lókè, kó tó balẹ̀. Ọmọbìnrin náà ló di télọ̀ tó wà ní ìkóríta. Ọmọ tí wọ́n bá bí sójú ọ̀nà ni wọ́n ń sọ ní Abíọ́nà. Wọ́n ní tirẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Abísófuurufú ni wọ́n ń pè é.

Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni àwọn aládùúgbò ti pàdé lọ́jọ́ kẹrin, láàárín máṣíìnì méjì àti òkìtì aṣọ tí wọn ò tíì ṣẹ́ létí. Lẹ́tà márùn-ún tí wọ́n kọ sí ọ̀gá àwọn ológun wà lórí tábìlì. Ìyá Akọ̀wé wọ awò ojú, ó ń kà wọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn ológun kó tó fẹ̀yìn tì.

"Èyí ní kí wọ́n sọ ọ́ di ilé ìkàwé. Èyí ní ilé ẹ̀kọ́. Èyí ní kí wọ́n gbé e fún òun nìkan." Ó ṣí ìkẹrin. "Èyí, èébú ni látòkè délẹ̀. Ta ló kọ ọ́?"

Ìyàwó Bàbá Sípánà ń wo àjà.

"Ìkarùn-ún ní kí wọ́n tún un ṣe kó fò."

"Tèmi nìyẹn," ni bàbá wí.

"Ẹ káre. Ẹni márùn-ún, ẹnu márùn-ún. Bí ọ̀gá bá rí èyí, á ní kẹ́ ẹ lọ fẹnu kò ná. Kẹ́ ẹ tó padà dé, bàálù ti di ìkòkò."

"Kí la máa wá ṣe?" ni Abísófuurufú bi í.

"Ẹ jáwọ́ nínú èébú. Sájẹ́ǹtì kọ́ ló mú kálámù dání. Ẹni tó mú kálámù là ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ka òfin yìí nínú yín?"

Wọ́n mirí lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òfin tẹ́ ẹ ò kà lẹ̀ ń bá jà?" Ó yọ ìwé kan nínú báàgì. "Mo kọ̀wé béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Wọ́n fún mi."

Ojú ìwé kan péré ni. Ó ka ìdí tí wọ́n fi ṣe é: kí ẹ̀yà ara bàálù àtijọ́ má bàa padà sínú èyí tó ń fò.

Bàbá Sípánà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Òótọ́ ni. Mo mọ awakọ̀ bàálù kan tí irú ẹ̀ pa. Wọ́n jí irin ara òkú bàálù, wọ́n tà á, ó dénú tiẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Ẹ ò rí i," ni Ìyá Akọ̀wé wí. "Òfin yìí ò ya wèrè. Nǹkan kan ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ má bá a jà. Ẹ mú ẹ̀rù náà kúrò. Ṣé ọ̀nà wà tí bàálù á fi wà, tí irin rẹ̀ ò sì ní ṣeé tà fún ẹnikẹ́ni?"

Bàbá wo lẹ́tà tirẹ̀ lórí tábìlì.

"Ó wà. Kí wọ́n lu ihò sí irin tó gbé apá rẹ̀ dúró, kí wọ́n lu ẹ́ńjìnnì náà. Kò ní fò mọ́ láéláé. Kò sẹ́ni tó máa ra irin oníhò."

"Ta ló máa lù ú?"

"Èmi ni."

Ó mú lẹ́tà tirẹ̀ lórí tábìlì, ó fà á ya.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ó kúkú ti fò tó. Ẹ̀yin náà ti fẹ̀yìn tì, mi ò gé yín."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ. Ẹ̀bẹ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, kí gígé dúró títí wọ́n á fi gbọ́ tẹnu wọn. Ìkejì, kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún òfin: "Àfi èyí tí a bá ti lù ní ihò lójú ẹlẹ́rìí, tí àwọn aráàlú sì ti fọwọ́ sí i pé àwọn yóò máa tọ́jú rẹ̀." Wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí aṣojú wọn nílé aṣòfin. Èèyàn igba ó lé mọ́kànlá ló fọwọ́ sí i, olúkúlùkù pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀ àti iṣẹ́ tó máa ṣe. Wẹ́dà ní òun á mọ ọgbà irin yí i ká. Abísófuurufú ní òun á rán ìbora fún gíláàsì iwájú rẹ̀.

Ìyàwó bàbá lọ sí géètì báráàkì.

"Mo pè ẹ́ ní ọ̀dájú lọ́jọ́sí."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Má bínú, ọmọ mi."

"Kò sí wàhálà. Ìyàwó mi ń pè mí bẹ́ẹ̀ láràárọ̀." Sájẹ́ǹtì wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kọ́nẹ́ẹ̀lì tó wà ní àjà kejì ni kẹ́ ẹ béèrè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa fún yín. Ẹ má lo mọ́kànlá."

Àwọn mẹ́ta ló wọlé sọ́dọ̀ kọ́nẹ́ẹ̀lì: Ìyá Akọ̀wé, Bàbá Sípánà àti télọ̀. Obìnrin ni kọ́nẹ́ẹ̀lì náà. Ó ka lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì.

"Bí mo bá dá ẹyọ kan sí nítorí yín, ojúsàájú ni."

"Àwa náà ò fẹ́ ojúsàájú, ọ̀gá," ni Ìyá Akọ̀wé fèsì. "Inú òfin la fẹ́ kó wọ̀, fún gbogbo báráàkì."

Bàbá tẹ́ àwòrán sórí tábìlì. "Ihò mẹ́fà. Ibi tá a máa lù nìyí."

"Ó dá yín lójú pé kò ní fò mọ́?"

"Èmi ni mo máa ń tún un ṣe kó tó fò. Mo mọ ohun tí kò ní jẹ́ kó fò."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì yíjú sí télọ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Àwọn ẹlòmíràn máa ń fi ilé tí wọ́n bí wọn sí han ọmọ wọn. Tèmi lẹ fẹ́ gé yìí."

"Lókè?"

"Lókè. Ìyá mi ní awakọ̀ bàálù náà pariwo ju òun lọ."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì fi lẹ́tà bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n lò.

Ìwé pé kí gígé dúró dé nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Gbólóhùn náà kò tètè dé. Oṣooṣù ni Ìyá Akọ̀wé ń mú kí wọ́n kọ̀wé béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. "Lẹ́tà tẹ́nì kan ò tọ̀ lẹ́yìn," ló máa ń wí, "inú fáìlì ló ń sùn." Ní oṣù karùn-ún, ó wọ inú òfin, fún gbogbo báráàkì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lu ihò, àdúgbò ṣófo, báráàkì kún. Wẹ́dà di àkàbà mú. Bàbá gùn ún. Àwọn èèyàn ń ka ihò náà sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀fà, ariwo ayọ̀ sọ. Ìyàwó bàbá fa sájẹ́ǹtì jó. Sájẹ́ǹtì ò mọ ijó, ó ń yan bí ẹni tó wà lórí pápá.

Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó nu ojú.

"Eruku irin ni," ló wí.

"A ò bi yín," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ó sì fún un ní gèlè rẹ̀ kó fi nù ú dáadáa.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí òfin kan bá fẹ́ pa ohun àtijọ́ run ládùúgbò rẹ, má bú ẹni tó wá jẹ́ iṣẹ́. Ka òfin náà. Wá ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí o sì mú ìdáhùn rẹ̀ dání. Ẹ fẹnu kò kẹ́ ẹ tó kọ̀wé. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ná. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín máa ṣe. Kẹ́ ẹ sì máa béèrè títí ìdáhùn á fi dé. Ó lè ná yín ní ohun kan tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Ó ná bàbá.

Bàálù náà ṣì wà níbẹ̀, nínú ọgbà irin. Ihò mẹ́fà ló wà lára rẹ̀. Etí apá òsì tí iná jẹ kò sí mọ́.